Ìdájọ́ Lórí Ohun Tí Ogun Gbà

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàárín wa. A máa ń fi í kìlọ̀ fún baálé ilé, fún ìjòyè àti fún adájọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó fi agbára gba ohun oní-nǹkan ni ó kọ́ ilé ẹjọ́, tí ó yan adájọ́, tí ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó wá rojọ́, ǹjẹ́ a lè sọ pé a ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì? Bí adájọ́ bá sì wá dá a pé ẹrù náà ti di ti ẹni tí ó gbà á, ǹjẹ́ ìdájọ́ yẹn yí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ padà, àbí ó kàn fi aṣọ funfun bò ó ni? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ibi tí n ó sì gbé e kà ni àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù láàárín nǹkan bí ọdún 1600 sí 1800, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń rojọ́ lórí ọkọ̀ ojú omi tí ogun gbà àti èyí tí ìjì bà jẹ́.

N kò ṣàdédé yan orí òkun. Lórí ilẹ̀, bí ẹni méjì bá ń du oko, wọn a lọ bá baálẹ̀; bí ọ̀ràn bá ju agbára baálẹ̀ lọ, a di ti ọba. Ààlà oko wà, pèrègún sì wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n a kì í gbin pèrègún sórí omi. Lórí òkun, kò sí ọba kan tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba Sípéènì àti àwọn olórí ilẹ̀ Họ́láńdì lè jọ dọ̀bálẹ̀ fún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀tọ́ jẹ́ níbi tí kò sí aláṣẹ tí ó ju àwọn oníjà lọ, kí ó lọ wo àwọn ẹjọ́ orí òkun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ètò náà ṣe rí. Nígbà tí ogun bá dé, ọkọ̀ ogun ọba kì í tó. Ọba a wá fún àwọn ọlọ́kọ̀ aládàáni ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n dira, kí wọ́n máa gba ọkọ̀ ọ̀tá. Ìwé yìí ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára olè orí òkun. Olè orí òkun, okùn ni yóò gbé e kọ́ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ní ìwé, òṣìṣẹ́ ọba ni. Síbẹ̀, ìwé nìkan kò tó. Ẹni tí ó gba ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mú un wá sí èbúté, kí ó kó gbogbo ìwé inú rẹ̀ fún ilé ẹjọ́, kí a sì fi ọ̀rọ̀ wá àwọn atukọ̀ rẹ̀ lẹ́nu wò. Adájọ́ ni yóò wádìí bóyá ti ọ̀tá ni ọkọ̀ náà ní tòótọ́, tàbí ti ọ̀rẹ́, tàbí ti ẹni tí kò sí nínú ìjà. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀tá, adájọ́ a kéde rẹ̀ ní ìkógun ẹ̀tọ́, wọn a lu ọkọ̀ àti ẹrù ní gbàǹjo, wọn a sì pín owó rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ti ọ̀tá, wọn a dá a padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí owó ń gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìkógun jẹ́ ti ìjòyè ńlá tí ọkọ̀ ogun ọba wà lábẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni a ń fi orúkọ rẹ̀ jókòó dá ẹjọ́. Ní Họ́láńdì, ìgbìmọ̀ tí ń dá ẹjọ́ náà ni ó ń gba ìpín ìjọba. Ẹni tí yóò sọ bóyá ẹran náà tọ́ láti pa ni yóò tún jẹ nínú ẹran. Ǹjẹ́ irú adájọ́ bẹ́ẹ̀ lè rí òtítọ́ bí ó tilẹ̀ dúró níwájú rẹ̀?

Ẹjọ́ kan wà tí ó fi ọ̀ràn yìí hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1603, Jacob van Heemskerck, ọ̀gá ọkọ̀ ará Họ́láńdì, gba ọkọ̀ ńlá kan tí í ṣe ti àwọn Potogí, Santa Catarina, ní ẹnu odò Johor, nítòsí ibi tí Singapore wà lónìí. Láti Macau ni ọkọ̀ náà ti ń bọ̀, ó ń lọ sí Malacca, ó sì kún fún aṣọ sẹ́dà àti àwo tánganran ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ túúbá lórí àdéhùn pé a ó dá ẹ̀mí wọn sí, a sì dá a sí. Nígbà tí wọ́n ta ẹrù náà ní Amsterdam, owó tí ó wọlé ju mílíọ̀nù 3 gílídà lọ. Kí a lè mọ bí owó yìí ti pọ̀ tó: gbogbo owó tí àwọn onípìn-ín dá jọ láti fi bẹ̀rẹ̀ VOC, ilé iṣẹ́ ńlá tí àwọn ará Họ́láńdì dá sílẹ̀ ní ọdún 1602 fún òwò ìhà Ìlà-Oòrùn, kò tó mílíọ̀nù 7 gílídà.

Àṣẹ tí Heemskerck gbà nílé kì í ṣe pé kí ó máa wá ìkógun kiri. Wọ́n gbà á láyè láti gbèjà ara rẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀san bí ẹnikẹ́ni bá ṣe é ní ìjàǹbá. Ìdí nìyí tí ẹjọ́ náà fi le. Ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ orí òkun ní Amsterdam kéde pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀ tàbí ẹrù náà yọjú. Kò sí ẹni tí ó yọjú. Ta ni ì bá yọjú? Àwọn tí ó ni ẹrù wà ní ìlú tí ó jẹ́ ìrìn-àjò ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù sí Amsterdam, ọba wọn sì ń bá ìlú tí ó pè wọ́n lẹ́jọ́ jagun lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1604, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ìkógun ẹ̀tọ́ ni Santa Catarina. Wọ́n ti ṣe ohun tí òfin wí. Wọ́n ti pe ẹnìkejì. Bí ẹnìkejì kò bá wá, ṣé ẹ̀bi wọn ni?

Nínú àwọn onípìn-ín fúnra wọn, ọkàn gbogbo wọn kò balẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjọ Mennonite, tí ẹ̀sìn wọn kò fi àyè gba ogun jíjà. Òwò ni wọ́n fi owó wọn sí, kì í ṣe ogun, wọn kò sì fẹ́ jẹ èrè tí a fi ìbọn gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Bí ẹnìkan bá jókòó sí Amsterdam, tí kò fi ọwọ́ kan idà, ó rọrùn fún un láti wí pé ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn Mennonite náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí ariwo náà ń pọ̀, ilé iṣẹ́ náà bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin agbẹjọ́rò kan, Hugo Grotius, tí kò ju ẹni ọdún 21 lọ, kí ó kọ ìwé gbè wọ́n. Ìwé ńlá ni ó kọ ní èdè Látìnì lórí òfin ìkógun, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ jáde; ọdún 1864 ni wọ́n tó rí i níbi tí ó fara pamọ́ sí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1868. Orí kan péré nínú rẹ̀ ni ó jáde nígbà ayé rẹ̀, ní ọdún 1609, láìfi orúkọ rẹ̀ sí i. Òun ni a mọ̀ sí Mare Liberum. Kókó rẹ̀ ni pé òkun kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè fi ṣe ti ara rẹ̀ nìkan. A kò lè gbá a mú, a kò lè fi ọgbà yí i ká, lílò tí ẹnìkan lò ó kò sì dín tẹlòmíràn kù. Nítorí náà, àwọn Potogí kò ní ẹ̀tọ́ láti dí àwọn ará Họ́láńdì lọ́nà òwò ìhà Ìlà-Oòrùn. Ẹni tí ó bá sì dí ọ̀nà tí Ọlọ́run ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni ó kọ́kọ́ dá ogun sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú tí kò gbàgbọ́ wò ó yóò wí pé kí ni ohun ìyanu níbẹ̀? Wọ́n ti gba ọkọ̀ kí wọ́n tó wá ìdí tí wọ́n fi gbà á. Wọ́n ti jẹ ẹran tán kí wọ́n tó bi ara wọn bóyá èèwọ̀ ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kò lè dúró síbẹ̀, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1613. Ní ọdún yẹn, àwọn ará Họ́láńdì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù lórí òwò erékùṣù tí kànáfùrù ti ń wá. Nígbà yẹn, àwọn ará Họ́láńdì ti ń fi àdéhùn àti odi àgbà ìbọn ti àwọn mìíràn sẹ́yìn níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Potogí ti ṣe sí wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gbé Mare Liberum jáde. Wọ́n ní ìwé tí ó ti ọ̀dọ̀ yín wá nìyí, ó ní òkun àti òwò wà fún gbogbo ayé. Kí ni ẹ wá dí wa lọ́nà sí? Grotius fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn aṣojú Họ́láńdì tí ó jókòó síbẹ̀, tí ó ń wá èsì sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rí dìmú. Ìdájọ́ kò fọ ẹrù Santa Catarina mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi dandan mú alágbára pé kí ó sọ ìdí tí ó fi gba ohun tí ó gbà, ìdí náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kò sì sí ẹni tí ó lè kó o padà sínú ìkarahun rẹ̀. Ọlọ́ṣà tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí a lè fi dè é ní ọ̀la. Ẹni tí ó bá rojọ́ ti fi okùn sílẹ̀.

Ohun kejì tí mo rí ni pé ilé ẹjọ́ náà lè bí irú ènìyàn tí a kò retí. Alberico Gentili jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí a bí ní ọdún 1552. Nítorí pé òun àti baba rẹ̀ ti kúrò nínú ìjọ Àgùdà, wọ́n sá kúrò nílé ní ọdún 1579 kí ọwọ́ àwọn tí ń wádìí ìgbàgbọ́ ènìyàn má baà tẹ̀ wọ́n. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó forí lé. Ní ọdún 1587 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú òfin ní Oxford. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì parí ìjà ní ọdún 1604, Sípéènì wá ẹni tí yóò máa gbẹjọ́ rò fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ orí òkun ní Lọ́ńdọ̀nù. Gentili gbà á ní ọdún 1605, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọba, ó sì ń ṣe é títí ó fi kú ní ọdún 1608. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ìjọ Àgùdà lé kúrò nílé ni ó dìde láti gbèjà ẹrù àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà, lòdì sí àwọn ará Họ́láńdì tí wọ́n jọ wà nínú ìgbàgbọ́ kan náà.

Ọ̀kan nínú ohun tí ó sọ nílé ẹjọ́ wúlò fún wa. Ó ní ìkógun kò tíì di ti ẹni tí ó gbà á ní ìṣẹ́jú tí ọwọ́ rẹ̀ bà á. Ó di dandan kí ó kọ́kọ́ mú un dé ibi ààbò ara rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó ni ín ṣì ni ín. Bí ọkọ̀ ogun Họ́láńdì bá gba ọkọ̀ ará Sípéènì, tí ó wá gba inú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí ó tó délé, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dá ọ̀ràn náà dúró. Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àyè wà láàárín gbígbà àti níní. Agbára lè gba nǹkan lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀tọ́ kì í tètè dé. Ìwé tí a kó àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí jọ sí jáde ní ọdún 1613, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí kò sí nínú ìjà rárá. Bí ẹrù ọ̀rẹ́ bá wà nínú ọkọ̀ ọ̀tá ńkọ́? Consolat de Mar, ìwé òfin òkun tí àwọn oníṣòwò Barcelona ń lò, sọ pé kí a wo ẹrù lọ́tọ̀, kí a wo ọkọ̀ lọ́tọ̀: ti ọ̀tá ni kí a mú, kí a dá ti ọ̀rẹ́ padà. Òfin tí ìjọba Faransé ṣe ní ọdún 1681 le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tirẹ̀, àgùntàn tí ó bá ajá rìn ti jẹ ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀ ni a ó kó. Láàárín ọdún 1744 sí 1748, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti ẹrù àwọn ará Prussia, tí kò sí nínú ogun orí òkun náà. Ọba wọn, Frederick Kejì, gbé ìgbìmọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ nílé, ìgbìmọ̀ náà sì dá àwọn ènìyàn rẹ̀ láre. Ó wá di owó kan tí ó yẹ kí ó san fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú. Ní ọdún 1753, àwọn amòfin mẹ́rin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ èsì tí ó di olókìkí: wọ́n ní ilé ẹjọ́ ìlú tí ó gba ọkọ̀ nìkan ni ó lè dá irú ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ inú ọba ni yóò fi dá a, bí kò ṣe òfin tí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ mọ̀. Ní ọdún 1756 ni ọ̀ràn náà parí; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san £20,000, Frederick sì tú owó tí ó dì mú sílẹ̀. William Murray ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn amòfin mẹ́rin náà. A ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tí ìjì bà jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni òfin òkun ti sún mọ́ ìwà ọmọlúàbí jù lọ. Bí ìjì bá dé tí ọkọ̀ fẹ́ rì, ọ̀gá ọkọ̀ lè pàṣẹ pé kí a da ẹrù sómi. Ẹrù ta ni? Ti ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lókè ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ bà. Ṣé òun nìkan ni yóò wá jìyà ohun tí ó gba gbogbo ènìyàn là? Òfin àtijọ́ tí a mọ̀ mọ́ erékùṣù Rhodes, tí àwọn ará Róòmù gbà wọ inú ìwé òfin wọn, wí pé rárá: ohun tí a fi sílẹ̀ nítorí gbogbo ènìyàn, gbogbo ènìyàn ni yóò san án. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti àwọn tí ẹrù wọn gúnlẹ̀ láyọ̀ yóò dá owó jọ fún ẹni tí tirẹ̀ bómi lọ, kálukú gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ní ti pọ̀ tó. Ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ gbìmọ̀ kí ó tó da ẹrù. Bí ó bá sì gúnlẹ̀, òun àti àwọn atukọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ búra pé nítorí ẹ̀mí àti ọkọ̀ ni àwọn ṣe é. Ní Livorno, èbúté ilẹ̀ Ítálì tí àwọn oníṣòwò oríṣiríṣi ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ń ná, irú ìjẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kún ilé ìwé, àwọn adájọ́ òkun ní Pisa sì ń ṣírò ìpín òfò olúkúlùkù. Ará Sípéènì, ará Họ́láńdì, Júù àti Gẹ̀ẹ́sì tí kò lè jókòó ti ara wọn nílé ìjọsìn jọ ń san owó òfò ara wọn.

Nínú òfin Róòmù kan náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ó wọ̀ mí lára. Nígbà tí wọ́n ń ka ohun tí yóò wọ inú ìṣirò, wọ́n ní ara ọmọlúwàbí tí kì í ṣe ẹrú kò ní iye. A kò lè dá owó lé e. Àwọn ẹrú tí ó bá sì bómi lọ, a kò gbọdọ̀ ṣírò wọn mọ́ òfò tí gbogbo ènìyàn yóò jọ san, gẹ́gẹ́ bí a kò ti ní ṣírò àwọn tí àìsàn pa nínú ọkọ̀. Ìlú tí ó ń ra ẹrú, tí ó ń ta ẹrú ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1781, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Họ́láńdì tún ń jagun, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gba ọkọ̀ ará Họ́láńdì kan ní etíkun Áfíríkà. Zorg ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn ni ìtọ́jú. Igba àti àádọ́ta ènìyàn, ó dín díẹ̀, ti wà nínú rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àwọn náà di ìkógun. Àwọn oníṣòwò Liverpool rà á, orúkọ rẹ̀ sì yí padà di Zong. Nígbà tí ó fi Accra sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ènìyàn 442 ni wọ́n ti há mọ́ inú rẹ̀. Ọkọ̀ náà ṣìnà nítòsí Jàmáíkà. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, àwọn atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ju ènìyàn sínú òkun láàyè, wọ́n ní omi mímu kò tó. Àwọn tí wọ́n jù sómi lé ní 130. Ẹ̀rí wà pé òjò ti rọ̀ kí wọ́n tó ju àwọn tí ó kẹ́yìn.

Nígbà tí ìròyìn délé, àwọn oní-ọkọ̀ béèrè £30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn adójútòfò. Wọ́n ní ẹrù ni, àìrí-bí-a-ti-ṣe-é ni ó mú kí a dà á sómi kí ìyókù lè là. Ní oṣù Kẹta ọdún 1783, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù dá àwọn oní-ọkọ̀ láre. Àwọn adójútòfò pe ẹjọ́ náà sókè. Adájọ́ àgbà tí ó gbọ́ ọ ní oṣù Karùn-ún ni Lord Mansfield, William Murray kan náà tí ó kọ èsì ọdún 1753. Ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá, nítorí ẹ̀rí nípa omi kò dúró; ṣùgbọ́n ó sọ pẹ̀lú pé ní ojú òfin, ọ̀ràn náà kò yàtọ̀ sí bí ẹni pé ẹṣin ni a jù sómi. Kò sí àkọsílẹ̀ pé wọ́n tún un dá. Olaudah Equiano, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, sáré gbé ìròyìn náà tọ Granville Sharp lọ, Sharp sì wá ọ̀nà kí wọ́n pe àwọn atukọ̀ lẹ́jọ́ ìpànìyàn. A kò pe ẹnikẹ́ni.

Ibí ni òwe wa ti dé ojú ẹ̀. A gbọ́ tẹnu oní-ọkọ̀, a gbọ́ tẹnu adójútòfò. Ẹni méjì rojọ́, àwọn agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, wọ́n pe ẹjọ́ sókè, adájọ́ sì fara balẹ̀. Síbẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni. Àwọn méjèèjì tí ó rojọ́, apá kan náà ni wọ́n wà. Owó ni wọ́n jọ ń jà lé lórí. Ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí kò sí níbẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà jìn bí ti àwọn oní-ẹrù Santa Catarina, bí kò ṣe pé òfin ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ẹrù kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tí ó lẹ́wà jù lọ, èyí tí ó ní kí gbogbo wa jọ ru òfò ẹnìkan, ni wọ́n sọ di ọ̀bẹ. Àwọn ará Róòmù tí ojú wọn kò ṣàjèjì sí ẹrú kò jẹ́ ṣe ìṣirò yẹn.

Síbẹ̀, okùn tí mo sọ níṣàájú tún wà níbẹ̀. Nítorí pé wọ́n rojọ́ ní gbangba, ayé gbọ́. Àwọn tí ń jà fún ìparí òwò ẹrú di ẹjọ́ Zong mú, wọn kò sì jẹ́ kí ó sùn. Láàárín ọdún 1788 sí 1794, àwọn aṣòfin fi òfin dí ọ̀nà tí oní-ọkọ̀ fi lè gba owó adójútòfò lórí ẹni tí ó jù sómi. Ní ọdún 1807, wọ́n fòfin de òwò náà fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá yí ètò ìkógun àtijọ́ sí ọ̀nà mìíràn: ọkọ̀ ogun a gba ọkọ̀ tí ó kó ẹrú, a mú un lọ sí Freetown, ilé ẹjọ́ a sì dá a lẹ́bi. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ Esperança Felix tí ó ti Èkó gbéra bọ́ sí ọwọ́ ọkọ̀ ogun Myrmidon. Nínú rẹ̀ ni ọmọdékùnrin Òṣogùn kan wà tí ń jẹ́ Àjàyí, tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó fún wa ní púpọ̀ nínú Bíbélì èdè wa. Ètò ìkógun kan náà tí ó sọ àwọn ará Zorg di ẹrù ni ó sọ Àjàyí di òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára jó. Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ogun ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a bá dá sílẹ̀, kò sì sí adájọ́ tí ó bi ọmọ náà bóyá Òṣogùn ni ó fẹ́ padà sí.

Ìdáhùn mi nìyí. Ìdájọ́ kò lè sọ ohun tí agbára gbà di ẹ̀tọ́. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi dandan mú alágbára láti sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí ẹlòmíràn yóò fi mú un. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, n kò sì ní bá ẹni tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, a ó máa yọ̀ pé ẹjọ́ tọ́ nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó jọ pín ẹrù ni ó jọ rojọ́. Nígbà tí a bá tún pa òwe agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ka iye àwọn tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí, kí a tó ka iye àwọn tí ó sọ̀rọ̀.